Kì í Ṣe Gbogbo Irin Tó Le Ló Yi

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ oníròyìn, sọ níbi àpéjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Ìjù

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni yóò fẹ́ kí n sọ, nítorí iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń jẹ. Ó ní rárá, ó ní ohun tó bá wà lọ́kàn mi ni kí n sọ, kí n má sì jẹ́ kí ó gùn ju ìwàásù lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ irin. Mo ti ń rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Òótọ́ ni, ẹ̀yin tí a jọ ṣe Intro Tech mọ irú máàkì tí mò ń gbà. Mass Communication ni mo sì lọ kà ní Polí Ọ̀wọ̀, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná bá ti jó rí, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ iná.

Ní ọdún 2004, nígbà tí a gba ìsinmi gígùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo wà níhìn-ín ní Ìjù. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìpa ekùrọ́ kan lẹ́bàá títì. Ẹ̀yin tó mọ ẹ̀rọ náà mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá irin mélòó kan ló ń yí nínú àgbá, wọ́n á máa gbá ekùrọ́ mọ́ ara àgbá náà títí èèpo rẹ̀ yóò fi fọ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pátá, ìlù ni. Kì í gbé ẹrù, kì í fa nǹkan, ó kàn ń gbá ni, láti àárọ̀ di alẹ́. Irin sípíríǹgì lọ́rì tó ti gbó ni wọ́n gé tí wọ́n fi ṣe àwọn apá yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn apá náà jẹ títí ó fi tín-ín-rín. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wẹ́dà kan. Ọ̀gá náà jókòó tì í, ó fi ẹlẹ́ktíróòdù kún un, ìpele kan lórí ìpele kejì, títí ó fi nípọn bíi ti àtijọ́. Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà dára lójú. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti tò sílẹ̀ dè wá, ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ní kí a tètè máa bọ̀. Irin náà ṣì ń gbóná. Mo bu omi nínú garawa, mo dà á lé e lórí. Ó kọ "ṣààà", èéfín sọ, ó tutù. Ọ̀gá wò mí, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo bu omi yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé omi náà, a ó padà sórí rẹ̀.

A dán ẹ̀rọ náà wò lófìfo, ó ń yí geere. A da ekùrọ́ sí i, ó ń pa á. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹta, òkúta kékeré kan bá ekùrọ́ wọlé. A gbọ́ "gbàà!" Apá irin náà kán, ó dá ìdérí àgbá lu, ó sì bá ọwọ́ àbúrò mi tó ń da ekùrọ́. Ìka méjì ló bá a lọ. Àbúrò mi ọ̀hún ti dàgbà báyìí, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, kò sì fi ìgbà kankan bá mi jà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí a bá bọwọ́, mo máa ń ka ìka.

Nígbà tí mo di oníròyìn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń jó irin, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni nípa irin, mo máa ń béèrè ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí ohun tí a tún ṣe fi gbé iṣẹ́ ọjọ́ méjì láìmira, tó wá jẹ́ pé òkúta kan péré ló pa á? Ohun tí mo kó jọ láti ọdún wọ̀nyí ni mo fẹ́ pín fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ méjì: le àti yi. Àwo le, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí i. Awọ màlúù kò le tó àwo, ṣùgbọ́n ó yi; ẹ nà án, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò níí fọ́. Irin lè le, irin lè yi. Èyí tó dára jù ni èyí tó ní méjèèjì ní ìwọ̀n. Ohun tó ń dojú kọ ìkọlù òjijì, yíyi ló nílò jù. Bí ó bá le nìkan, àwo ni.

Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ mọ èyí tipẹ́. Bí ó bá ki àdá gbígbóná bọ omi kí etí rẹ̀ lè le, kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò tún mú un padà sí ẹ̀gbẹ́ iná díẹ̀, kí líle náà lè rọ̀, kí àdá má baà kán níjọ́ tó bá kan gbòǹgbò. Àṣírí ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù tó wà nínú irin. Nínú 100 kìlógíráàmù irin lásán tí a fi ń ṣe ojú fèrèsé, kábọ́ọ̀nù kì í sábà ju ìdámẹ́rin kìlógíráàmù lọ. Nínú ti sípíríǹgì mọ́tò, ó lé ní ìdajì kìlógíráàmù. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n bí irin tó ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n kan tó sì tutù lójijì, yóò gan bí àwo.

Ẹ padà sórí omi mi. Iná wẹ́dà yọ́ ojú irin, ó sì sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó yọ́ di pípọ́n. Ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí kò yọ́ ṣùgbọ́n tó gbóná gan-an, ni omi mi sọ di àwo. Ìdí nìyẹn tí apá ẹ̀rọ náà kò fi kán lórí ibi tí wọ́n jó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti kán. Mo rántí ojú ibi tó kán dáadáa: kò tẹ̀ rárá, ó ń dán wínníwínní bí ìyọ̀, àfi ibì kan bí àbọ̀ oṣù tó ti dúdú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ní àbọ̀ oṣù dúdú yẹn ti sán kí òkúta tó dé, òkúta kàn wá parí iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò kán lọ́jọ́ kìíní? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ nìyí. Ẹrù jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí ìkọlù. Bí ẹnì kan bá rọra gbé àpò gàrí lé yín lórí, ẹ ó gbé e. Bí ó bá fi í sílẹ̀ láti òkè kó bọ́ lé yín lórí ńkọ́? Àpò kan náà ni, ṣùgbọ́n ọrùn ló máa sọ. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò irin sọ pé bí ẹ bá tilẹ̀ gbé ẹrù lé irin lẹ́ẹ̀kan náà, láì jù ú, láì rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ìnira tí irin yóò rí á tó ìlọ́po méjì ti ẹrù tí a rọra gbé lé e. Bí ẹrù bá wá bọ́ láti òkè, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kejì ni pé ìlù máa ń rin inú irin bí ìró ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó yára jù ú lọ púpọ̀. Nínú ọ̀pá irin, ó ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti lọ ó ti bọ̀ láìmọye ìgbà. Irin kò ráyè tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó fi kìlọ̀ fún yín. Bí ihò tín-ín-rín bá wà nínú ibi tí a jó, tàbí ibì kan tí irin tuntun kò ti wọ inú irin àtijọ́, ibẹ̀ ni gbogbo ìnira yóò kóra jọ sí. Ẹrù jẹ́jẹ́ lè fojú fo ihò náà. Ìkọlù kì í fojú fo nǹkan.

Ẹ má rò pé àwa tí a wà lẹ́bàá títì nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà ń kan ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìkánjú, wọ́n ń jó irin pọ̀ dípò kí wọ́n fi ìṣó kàn án. Ní January 16, 1943, ọkọ̀ agbépo tuntun kan, Schenectady, dúró jẹ́jẹ́ ní èbúté ní Oregon lójú omi tó dákẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ là sí méjì lójijì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ míì láyé ìgbà náà ló sán pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé iṣẹ́ àwọn ajórin nìkan kọ́ ló fa wàhálà náà. Irin tí wọ́n lò kò yi tó bí òtútù bá mú, igun ẹnu ihò orí àwọn ọkọ̀ kan sì mú jù, ìnira ń kóra jọ síbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a fi ìṣó kàn, bí pákó irin kan bá sán, ó lè dúró létí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a jó pọ̀, irin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, sísán náà kò rí ibi tí yóò dúró sí.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ irin tó yi? Láti 1901 ni ọmọ Faransé kan, Georges Charpy, ti mú ọ̀nà kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Wọ́n á gé irin kékeré kan, mìlímítà 10 ní ìbú, 10 ní gíga, 55 ní gígùn. Wọ́n á gé ojú rẹ̀ wọlé díẹ̀ ní àárín, ìyẹn mìlímítà 2. Wọ́n á wá fi òòlù tó rọ̀ bí jangirọ́fà gbá a lẹ́ẹ̀kan. Bí òòlù bá já irin náà tó sì fò kọjá lọ sókè gan-an, irin náà kò gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwo ni. Bí òòlù kò bá fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́, irin náà yi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ fífa irin kò lè sọ èyí fún wa, nítorí jẹ́jẹ́ ló ń fà á.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà láàárín wa yóò sọ pé ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti wà báyìí tó ń fi lésà tàbí iná wẹ́dà yọ́ ìyẹ̀fun irin tàbí wáyà, tó ń tò ó ní ìpele-ìpele, tí kọ̀ǹpútà ń darí ọwọ́ rẹ̀. Additive manufacturing ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni, wọ́n ń fi í tún abẹ́ ẹ̀rọ bàálù ṣe, wọ́n ń fi í tún ṣáfùtù ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọ̀gá wẹ́dà wa nínú rẹ̀. Láti 1920 ni Ralph Baker ti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe ń fi iná wẹ́dà to irin lérí ara wọn títí yóò fi di ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ náà ní 1925. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá baba yín mọ ògiri alámọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ìpele kan la ń mọ, a ó jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, a ó tó gbé òmíràn lé e. Níbo ni ògiri náà ti máa ń sán? Ibi tí ìpele méjì ti pàdé ni, pàápàá bí ọ̀kan bá ti gbẹ jù kí èkejì tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí ẹ̀rọ tò. Gbogbo ìpele tuntun ló ń tún èyí tó wà nísàlẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ lè há sáàárín. Bí irin náà bá ń tutù ó ń fà, ó sì ń pa ìnira mọ́ sínú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a láti òkè, ó lè dáhùn lọ́nà kan. Bí wọ́n bá gbá a láti ẹ̀gbẹ́, kó dáhùn lọ́nà míì. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é dáadáa kì í gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ kí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á tún un gbóná ní ìwọ̀n, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n á sì gbá ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ gan-an, kì í ṣe ara tuntun nìkan.

Ní 2017, ní Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń jó irin ní ìpele-ìpele ṣe abẹ́ tó ń ti ọkọ̀ ojú omi. Ìpele 298 ni, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀ dín díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí 400 kìlógíráàmù. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì dán an wò. Ara ohun tí wọ́n ṣe ni pé ọkọ̀ ń sáré lọ síwájú, wọ́n wá dá a padà sẹ́yìn lójijì kó lè dúró. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn, wọn kò gbà á gbọ́ títí wọ́n fi kọlù ú. Àwa ńkọ́? A bu omi lé tiwa, a wò ó lójú, a ní "ó ti dáa."

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ló gba ìlú wa kọjá. Ẹ wo iye lọ́rì tó ń kọjá lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé irin tí wọ́n tún jó. Níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, gbogbo rẹ̀ dára. Kòtò ló ń dán wọn wò. Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan; ṣùgbọ́n èyí tí kò mọ bí a ti ń tẹ̀, yóò kán ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ wẹ́dà wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ló kọ́ mi, kí wọ́n tún mi ṣe bí mo bá ṣì í.

Èkíní, ẹ béèrè irú irin tó jẹ́. Bí ẹ bá fi òkúta ìlọrin kàn án, tí ẹ̀ta iná rẹ̀ ń tú yẹ́ẹ́ bí ìràwọ̀, kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rọra ṣe é.

Èkejì, kí ẹlẹ́ktíróòdù gbẹ. Èyí tó bá gba ọ̀rinrin nígbà òjò ń kó háídírójìn sínú irin, háídírójìn náà sì lè dá a sán lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, kódà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dára lójú ní ìrọ̀lẹ́ fi lè ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀kẹta, irin sípíríǹgì gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì 200 sí 300 kí ẹ tó jó o. Bí ẹ bá jó o tán, ẹ má bu omi. Ẹ bò ó mọ́nú eérú gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì. Eérú kò wọ́n, ilé ìdáná gbogbo ló wà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ pa ojú rẹ̀. Bí ó bá ti sán, kẹrosíìnì yóò jáde wá fa ìlà sára ẹfun náà.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn irin kan wà tí kí á má tilẹ̀ jó wọn rárá: irin ìdarí mọ́tò, sípíríǹgì, ìkọ́ tí a fi ń fa ọkọ̀. Ohun tí ẹ̀mí bá rọ̀ mọ́, ẹ ra tuntun.

Mo fẹ́ parí. Alága, mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ti ń gbèrò láti fi owó ọdún yìí kọ́ géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí i gàdàgbà. N kò bá géètì jà. Ṣùgbọ́n mo lọ wo ilé iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwé wa lánàá. Ẹ̀rọ ìjórin kan ló wà níbẹ̀, àpótí ẹlẹ́ktíróòdù sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òjò ń kán sí i. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ló máa jó irin tí ẹ̀yin àti èmi máa gùn ní ogún ọdún sí i. Mo bẹ̀ yín, kí a fi owó náà ra ààrò kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ ẹlẹ́ktíróòdù, òkúta ìlọrin, ìbòjú àti ìbọ̀wọ́, kí a sì tún òrùlé ibẹ̀ ṣe. Kí àwọn wẹ́dà inú ẹgbẹ́ wa máa yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. FUTA kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa irin. Kí a kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wá wo bí a ti ń gbá irin láti mọ̀ bóyá ó yi.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Géètì lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ìka ọmọ ẹlòmíì kò lè dúró.

Àbúrò mi wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Òun ló wà mí wá lónìí. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ omi náà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti eérú pẹ̀lú."

Mo ti sọ méjèèjì.